Àgbò Tó Kọ̀ Tí Kò Sọ̀kalẹ̀ Nínú Ọkọ̀

Fíríìjì ni Lùkúmọ̀n Aróyèhún ń tún ṣe ní ọjà Serrekunda láti ìgbà tó ti kúrò ní Ọ̀fà, nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Fíríìjì tó bá gbà kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi èyí tó bá ń kùn lọ́nà tó dùn mọ́ ọn nínú. Irú ìyẹn, yóò sọ fún ẹni tó ni ín pé ẹ̀yà rẹ̀ kan ṣì ń bọ̀ láti Dakar. Irọ́ ni. Ó ti gbé e lọ síbi orin.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ olórin tí wọ́n ń pè ní Etí Ò Gbà Á. Fíríìjì ni ohun èlò Lùkúmọ̀n. Ilẹ̀kùn páànù tó ti dípẹtà ni ti Nuha. Awa, obìnrin kan láti inú ẹ̀yà Aku, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Banjul, ló ń kọrin. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé àwo jáde, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀kan parí rí. Khàdíjàt ìyàwó Lùkúmọ̀n pàápàá a máa ní, "Bàbá Kazeem, mo ti gbọ́ ọ, ó dáa," nígbà tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 2008, Awa ní àgbà ti dé sí àwọn, ó yẹ kí orin àwọn ní ìtàn nínú, kí ẹni tó bá sùn lọ lè mọ ibi tóun jí sí. Ni wọ́n bá fi odindi àwo kan sọ ìtàn àgbò olójú òsì dúdú kan tí wọ́n rà fún Iléyá ní Barra, lódìkejì odò. Àgbò wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Banjul, ó kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fà á, wọ́n bẹ̀ ẹ́, lèmọ́mù wáàsù fún un. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí ọ̀gá ọkọ̀ fi ní kó kúkú máa yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. Fíríìjì ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ilẹ̀kùn Nuha sì ni ohùn àgbò.

Rédíò kan gbé e sáfẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan mú okùn lọ́wọ́, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Lùkúmọ̀n. Kebba lorúkọ rẹ̀, káfíńtà ni ní Old Jeshwang.

"Àsàláámù aléékùn, Bàbá. Àgbò mi dà?"

"Àgbò wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ gbé sórí rédíò. Ó sọnù lọ́dún tó kọjá. Ẹ ní ojú òsì ẹ̀ dúdú. Ta ló sọ fún yín?"

Lùkúmọ̀n ní orin lásán ni, Awa ló rò ó. Kebba ní kí Awa lọ ro òmíràn, kí wọ́n dá tòun padà.

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ alkalo, baálẹ̀ àdúgbò náà. Ó ní òun kì í dájọ́ ohun tóun ò gbọ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, àwọn àgbààgbà jókòó, wọ́n gbọ́ àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnì kan béèrè bóyá ẹlẹ́rìí ni fíríìjì yẹn. Ìgbà tí ilẹ̀kùn Nuha ké bí àgbò tó rántí ilé, Kebba bú sẹ́kún. Omi bọ́ lójú Lùkúmọ̀n náà, ṣùgbọ́n omijé ayọ̀ ni tiẹ̀. Ẹ̀dá alààyè kan gbọ́ orin àwọn, ó sì wọ̀ ọ́ lára.

Alkalo dájọ́: "Àwọn olórin ló ni orin. Kebba ló ni àgbò. Ibikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ kọ orin náà, kí Kebba wà níbẹ̀, kó máa mójú tó ẹran rẹ̀."

Bí Kebba ṣe wọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Yóò jókòó níwájú, bí àgbò bá ti kọ̀ tí kò sọ̀kalẹ̀, yóò fò dìde: "Sọ̀kalẹ̀! Èmi olówó ẹ ni mo ní kó o sọ̀kalẹ̀!" Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Bakau nítorí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan fún un ní àgbò tuntun. Kebba wò ó títí, ó mi orí. "Èyí ò lórin."

Ó ṣe díẹ̀, Oumie, ìyàwó Kebba, dá nìkan wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, àgbò yẹn ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé ẹ̀. Ó máa ń jẹ ìborùn mi. Mo fà á fún ẹ̀gbọ́n mi ní Brikama, wọ́n ti jẹ ẹ́ tipẹ́."

"Kí ló dé tó ò sọ fún un?"

"Tẹ́lẹ̀, ọkọ mi kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ní báyìí, tó bá tode eré dé, á jókòó tì mí, á máa ròyìn ohun tí àgbò ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ."

Lùkúmọ̀n bi í pé, "Ẹran ẹ̀ ńkọ́, ó dùn?"

"Ó yi."

Lùkúmọ̀n ò sọ fún Kebba. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n lọ ṣeré ní Bakau, Kebba sì pariwo mọ́ àgbò náà títí ohùn rẹ̀ fi ha.