Èwo Ló Pupa?

Mo lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ àtijọ́ sí, láti wá bátànì tuntun fún aṣọ tí mò ń ṣe. Òórùn òwú ibẹ̀ ló gbé mi padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà mi ní Ìwó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà èwe mi, ìyá àgbà jókòó ti òfì tí wọ́n fi ń hunṣọ, wọ́n na ìdì òwú méjì sí mi.

"Àbẹ̀kẹ́, èwo ló pupa?"

Mo rò pé wọ́n ń kọ́ mi ní àwọ̀ ni. Ó ti sú mi, àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń pè mí níta. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ wọn lé dúdú, mo sá jáde.

Nírọ̀lẹ́, oníbàárà wọn dé láti Ilé-Ogbó, ó tú aṣọ tí wọ́n hun fún un wò.

"Ìyá, ṣebí pupa ni mo ní kí ẹ fi parí etí rẹ̀!"

Ìyá àgbà fọwọ́ pa etí aṣọ náà títí. Wọn ò dárúkọ mi.

"Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ni."

Ojú wọn ti ń fọ́ lọ nígbà yẹn, èmi nìkan ni wọ́n sì fi ṣe ojú.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n tú òfì náà palẹ̀, wọ́n ki igi rẹ̀ bọ ààrò. Èmi ni wọ́n ní kí n fẹ́ná.