Àkíbù Tí Kì Í Kó Àdá Jọ

Àdá tí a rọ ní ilé arọ wa ní Bẹ́yẹrúnkà ló pa ìyàwó Oyèdélé. Oko ni tọkọtaya náà wà, wọ́n ń ro ìdí kòkó. Oyèdélé gbé àdá sókè, ó fi ṣá gbòǹgbò, irin bọ́ kúrò nínú èkù, ó fò, ó bá obìnrin náà lọ́rùn níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí tó ń ṣa igi jọ. Kí ọkọ rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán. Ọdún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Ìbàdàn ni.

Bàbá ọkọ mi ló dá ilé arọ yẹn sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà: Gàfárù, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, tó sì jẹ́ olórí arọ, àti Àkíbù, ọkọ mi. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ará ilé olóògbé kó kùmọ̀ wá bá wọn. Wọn kò wọlé. A kì í jà nílé arọ. Ẹni tó bá nawọ́ ìjà sí ẹnì kejì lábẹ́ òrùlé yẹn, a gbà pé irin ni yóò pa á, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ onígbàgbọ́. Nítorí náà wọ́n dúró sójú títì, wọ́n ní kí ẹni tó rọ àdá náà jáde.

Ọkọ mi jáde.

"Ṣé ìwọ lo rọ ọ́?"

"N ò mọ̀."

"O ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ?"

"A ò lè mọ̀. Wọ́n pọ̀."

Ìdáhùn yẹn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ lù ú. Wọ́n lù ú débi pé ó tu eyín sọ́wọ́. Oyèdélé fúnra rẹ̀ ló dá wọn dúró. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ, kò mọ̀ ọ́n."

Òótọ́ sì ni. Láti ayé bàbá wọn, gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń lu irin. Tí wọ́n bá lu àdá kan tán, wọ́n á jù ú sínú yàrá irin, wọ́n á gbé òmíràn. Ó di ìgbà tí òjò bá sún mọ́lé kí wọ́n tó máa ti èkù bọ̀ wọ́n. Nígbà náà, ta ló mọ ẹni tó lu èyí? Ta ló mọ èyí tí iná kò wọ̀ dáadáa, tàbí èyí tí ìpẹtà ti jẹ ìdí rẹ̀? Èkù á bo ìdí mọ́lẹ̀, ojú àdá á máa dán. Ṣùgbọ́n yàrá tó kún ni iyì alágbẹ̀dẹ. Ẹni tó ń lọ sí Ọjà'ba á yọjú wò ó, á ní, "Ẹ kú oríire o, arọ yín kún." Gàfárù fẹ́ràn gbólóhùn yẹn ju oúnjẹ lọ.

Nígbà tí ojú ọkọ mi tó wú lọ sílẹ̀, ó wọ yàrá irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa èkù yọ. Mo jókòó tì í. Àdá tó ń dán bíi dígí, tó bá fa èkù rẹ̀ yọ, ìdí á ti jẹrà bí eyín arúgbó. Ó ń jù wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ní, "Bàbá Sìdí, ẹ̀gbọ́n yín á pa yín."

Ó ní, "Kí wọ́n pa mí kí n tó tún pa ìyàwó oníyàwó."

Gàfárù dé, ó bá òkìtì àdá ní gbangba. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Jáde." Kò sí ọmọdé ilé wa tí kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Àkíbù jáde sójú títì.

"O tú ilé bàbá mi."

"Bàbá wa ni."

"Bàbá wa? Ìwọ tó o sọ yàrá wọn di ihò eku?"

Ó gbá a létí. Àkíbù fi orí kàn án nímú, mo gbọ́ bí eegun ṣe dún. Gàfárù, tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, he èkù kan nílẹ̀, ó fi fọ́ ọ lórí, ó tún fọ́ ọ, ọkọ mi sì wó lulẹ̀ sórí àwọn àdá tó kó síta. Àwọn àgbà agboolé ló là wọ́n. Imú Gàfárù kò tọ́ mọ́ títí ó fi kú. Àwọn àgbà náà jókòó, wọ́n dá a pé kí Àkíbù fi ọ̀nà tirẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún oko kan, tí kò bá dára, kí ó lọ dá arọ tirẹ̀ sílẹ̀ níbòmíràn.

Ọ̀nà tirẹ̀ kò le. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ àdá á mú èkù rẹ̀ àtijọ́ wá, èyí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti jẹ. Ọkọ mi á so ó rọ̀ sórí ìṣó lára òpó. Tí gbogbo ìṣó bá ti kún, kò ní gba tẹlòmíràn àfi kí ìṣó kan ṣófo. Èkù tó kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ lọ. Àdá kan á wọná, á wọmi, á wọ èkù, a ó pọ́n ọn tán, kí irin kejì tó wọná. Ó gbé ọpọ́n omi sún mọ́ iná, ó gbé òkúta ìpọ́nrin sún mọ́ ọpọ́n omi, nítorí tẹ́lẹ̀, èèyàn á gbé irin kan yí arọ ká bí ẹni tó ń wá ilé àna. Irin sípíríǹgì mọ́tò, ìwọ̀nba tí àwọn èkù bá pè fún ni wọ́n ń rà. Èmi ni mo ń ra èédú wá láti Ògùnpa. Tẹ́lẹ̀, òjò ló ń pa ìdajì rẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo wá ń rà á díẹ̀díẹ̀, gbígbẹ. Tí àdá kan bá sì lábùkù, ojú ẹsẹ̀ la ó rí i, nígbà tí ọwọ́ tó ṣe é kò tíì tutù.

Àwọn àgbẹ̀ a máa jókòó lórí pẹpẹ, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Àkíbù, ṣé arọ ti di ilé agbẹ̀bí ni? A kàn jókòó tí à ń retí ọmọ."

"Tó bá ṣe àbíkú lẹ fẹ́, ó wà lọ́jà."

Oyèdélé náà wá. Èkù tí irin ti bọ́ pa ìyàwó rẹ̀ ló mú wá. Ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í sínú iná, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ó títí ó fi di eérú. Ó gbẹ́ tuntun fún un.

Ọdún oko yẹn kọjá, òmíràn ń tẹ̀ lé e fún bí ọdún mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó tún bá àdá wa jà. Gàfárù ń lu irin pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti rí yàrá tó ṣófo, ó máa ń ṣe é bí ẹni tó rí bàbá rẹ̀ níhòòhò.

Ìyẹn ni Èjìdé rí tó fi mú un. Ọmọ Bẹẹrẹ ni Èjìdé, àgbèrò ní gáréèjì Ògùnpa, tó di ọmọ ogun àwọn olóṣèlú nígbà ìdìbò 1965. Ó wá sọ fún Gàfárù pé ẹgbẹ́ òun nílò àdá rẹpẹtẹ, tí àwọn bá sì wọlé, lọ́rì ni yóò máa kó irin dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Gàfárù bá a pinnu, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. A kàn rí i tí sípíríǹgì ń wọ yàrá.

Ọkọ mi bi í léèrè. "Bọ̀dá, èkù ta ni irin yìí ń dúró dè?"

"Ti àwọn tó máa sọ wá dèèyàn."

"Oko wo ni wọ́n fẹ́ fi ro?"

"Ìwọ ṣáà lu irin."

"N ò ní lù ú."

Wọ́n ń ja Wẹ́tìẹ̀ nígbà náà, bí a ti ń pè é. Wọ́n á da epo bẹntiróòlù sí èèyàn lára, wọ́n á ṣáná sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí, èéfín dúdú ti bo ìhà Màpó, obìnrin kan sáré kọjá lójúde wa, irun orí rẹ̀ ti jó mọ́ agbárí. Kò pẹ́, Èjìdé àti àwọn ọmọ rẹ̀ dé. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ku èédú. Òórùn epo wọn ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi.

Wọ́n dúró sí ibi tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ arọ ń já sí, wọn kò kọjá ibẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn kúkú ni wọ́n, wọ́n mọ èèwọ̀ arọ.

"Bàbá, a ti dé. Ẹrù wa dà?"

Gàfárù jáde sí wọn, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. "Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Àbúrò mi ni kò..."

"Ọ̀la kẹ̀? Àwọn ẹgbẹ́ kejì máa dúró dè wá di ọ̀la?" Èjìdé fa Gàfárù lọ́rùn aṣọ, ó sì gbàgbé pé àgbà ni. "O fi wá ṣeré. Ẹ da nǹkan sí i lórí."

Wọ́n da epo sí i lórí. Ó ṣàn lọ sójú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so. Ọ̀kan nínú wọn yọ ìṣáná.

Ọkọ mi wà nínú arọ níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ti jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó gbé ọpọ́n omi, ó da gbogbo rẹ̀ sórí iná, iná náà ké ṣíì. Lẹ́yìn náà ló jáde, ó lọ dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, epo sì ra òun náà lára.

Èjìdé ní, "Àkíbù, padà sínú ilé. Tan iná ẹ, kí o rọ àdá fún wa."

"Èkù yín dà?"

"Èkù wo?"

"Ẹni tó bá ní oko ló ní èkù. Ẹ mú un wá, màá rọ tiyín."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín, Èjìdé sì gbá a lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n já Àkíbù kúrò lára Gàfárù. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi sí etí gọ́tà, Èjìdé gbé ọ̀pá irin, ó fọ́ ọ. Mo sáré débẹ̀, ẹnìkan fi ìdí kùmọ̀ gún mi níkùn, mo ṣubú. Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí ni mo ti rí ọ̀pá yẹn tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀, títí ìka kò fi jọ ìka mọ́. Ọkọ mi bú ramúramù lẹ́ẹ̀kan, kò tún dún.

Ọ̀dọ́ tí wọ́n gbá lẹ́nu yẹn ló sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ tó máa rọ ọ́ lẹ fọ́ yẹn o."

Èjìdé wo ọwọ́ náà, ó wo iná tó ti kú. Ariwo ń bọ̀ láti ìhà Ọjà'ba, wọ́n sáré lọ síbẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀ àti ìgò, wọn kò tún rántí ìṣáná tí wọ́n yọ sí Gàfárù. Wọn kò mú àdá kan kúrò lọ́dọ̀ wa.

A gbé ọkọ mi lọ sílé ìwòsàn. Àmọ́ ìdọ̀tí gọ́tà ti bá ẹgbò náà wọlé. Ìpá mú un. Eyín rẹ̀ dì, ẹ̀yìn rẹ̀ ká bí ọrun, tí ilẹ̀kùn bá ṣáà ti dún, ara rẹ̀ á tún gbọ̀n. Mò ń fi òwú kan omi sí i létè, kò lè la ẹnu gbà á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú, Àkíbù mi, tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

A kò tíì ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ tí Èjìdé fi padà wá. Ó tún dúró lẹ́yìn ọ̀ṣọ̀rọ̀, ó rántí bí wọ́n ti ń kí àgbà. "Bàbá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n rọ. Irin ṣì wà nínú yàrá."

Gàfárù ní, "Ẹ dúró."

Ó wọlé. Ó mú ọ̀bẹ, ó fa awọ ẹwìrì ya láti orí dé ìdí, ẹwìrì tí bàbá wọn fi ń fẹ́ná kí wọ́n tó bí i. Ó gbé e jáde kọjá ọ̀ṣọ̀rọ̀, ó jù ú síwájú Èjìdé.

Ó ní, "Ẹ fi ẹnu yín fẹ́ ẹ."

Wọ́n lù ú lójú títì títí ó fi dákú. Iná kò jó nílé arọ wa mọ́ títí àwọn ṣọ́jà fi gbàjọba.