Ilẹ̀kùn Ọba Tí Wọn Ò Ṣí fún Màmá Ẹ-Máa-Bọ̀

Màmá Ẹ-Máa-Bọ̀ kú lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, nínú ọgbà ibojì àwọn ọba, lápá nọ́ọ̀sì kan tí kò mọ̀ rí. Inú gbọ̀ngàn ààfin àtijọ́ ni mímí ti kọ́kọ́ nira fún un. Ilẹ̀kùn kan wà nínú gbọ̀ngàn náà tó jáde tààrà sójú títì. Ọkọ̀ ti ń dúró dè é níta. Kọ́kọ́rọ́ so mọ́ bẹ́líìtì ẹ̀ṣọ́. Wọn ò ṣí i. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, nítorí ìlú tèmi náà ni.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tó jẹ́. Amọ̀nà ni. Òun ló ń mú àwọn àlejò tó bá wá fún ọjọ́ kan ṣoṣo káàkiri: ibojì àwọn ọba láàárọ̀, ògiri tí wọ́n kọ orúkọ àwọn sójà tó kú lójú ogun sí lọ́sàn-án, ààfin nírọ̀lẹ́. "Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀" ló máa ń wí ṣáá, bí ìyá tó ń kó ọmọ ilé ìwé sọdá títì. Ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá.

Fẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló pín ilé tèmi àti tirẹ̀ níyà. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ki ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú bọ omi iyọ̀ gbígbóná, á wá máa rojọ́ àwọn ọba fún mi bí ẹni ń rojọ́ ará ilé ọkọ rẹ̀. "Tẹni yẹn? Ahun paraku ni. Ìyàwó ẹ̀ ló ni gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yìn ín." Tó bá sì mú àlejò dé ìdí ilẹ̀kùn yẹn, á ní, "Ọba nìkan ló ń gba ibí jáde. Èyí tó jáde kẹ́yìn ò tíì padà wá béèrè kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ o." Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín.

Ó ti sọ fún ọ́fíìsì tó ń bójú tó ààfin pé òun kì í lè mí dáadáa mọ́ tí òun bá ti gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ní kó máa rọra gùn ún. Ẹ ò rí ìmọ̀ràn àwọn ọlọ́gbọ́n!

Ní Sátidé yẹn, nọ́ọ̀sì kan wà lára àwọn àlejò. Òun ló gbé orí Màmá lé àyà, tó ń pariwo pé ọsibítù ni, kíá. Dírẹ́bà àwọn àlejò sáré gbé ọkọ̀ wá sẹ́yìn ilẹ̀kùn ọba, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a. Ẹ̀ṣọ́ pe ọ́fíìsì lórí fóònù, nítorí òfin ni pé kò gbọ́dọ̀ ṣí i láìgbàṣẹ. Ohùn kan dáhùn: "Ẹ dúró ná." Wọ́n dúró. Nígbà tí dídúró náà ò lópin, àwọn àlejò gbé e, wọ́n gbé e yí gbogbo ààfin po, wọ́n gba inú ọgbà ibojì. Kò dé ẹnu géètì.

Mo lọ bá ẹ̀ṣọ́ náà nílé. Kò lè wojú mi.

"Àǹtí, màmá yẹn gan-an ló máa ń kìlọ̀ fún wa pé ká má ṣí i. Mò ń gbọ́ bí dírẹ́bà ṣe ń gbá a. Ọwọ́ mi ti wà lórí kọ́kọ́rọ́. Mo kàn ń retí kí wọ́n sọ̀rọ̀ ni." Ó bú sẹ́kún.

Irú ẹ̀kọ́ wo la kọ́ ọmọ èèyàn, tó fi ń bẹ̀rù ọba tó ti kú ju obìnrin tó ń kú lọ lójú ẹ̀?

Lọ́jọ́ Ajé, ìrìn àjò ti tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo bá wọn lọ. Amọ̀nà tuntun ń pe orúkọ ọba kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì rìn kọjá lórí ibi tí Màmá kú sí. Mo bi í léèrè nípa Màmá. Ó wẹ̀yìn wò. "Wọ́n ní ká má sọ̀rọ̀ wọn níwájú àlejò, mà."

Ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì náà gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà. "Ilẹ̀kùn yẹn dàgbà ju gbogbo wa lọ, mà. Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Káfíńtà á tún un ṣe, sà. Ta ló máa tún Màmá ṣe?"

Ó wúkọ́. Ó ní àwọn máa gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta tó rẹwà, àwọn á gbé e sí gbọ̀ngàn. Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè! Mo wá béèrè ẹni tó gbé fóònù. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Odindi ọ́fíìsì, wọn ò mọ ohùn ara wọn.

Aránṣọ ni ọmọ Màmá. Kò gbé orí sókè lórí máṣíìnì nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ òkúta fún un. "Kí wọ́n gbé òkúta wọn tà. Ẹni tó ní kí wọ́n dúró yẹn ni mo fẹ́ rí. Kó sọ fún mi nǹkan tó ń ṣe lọ́wọ́ tí ò fi lè sọ pé ẹ ṣí i."

Ọ̀gá àgbà, ẹ gbọ́. Ẹ mú ẹni náà jáde. Kí ẹ̀yin náà tẹ̀ lé e lọ sílé aránṣọ yẹn, nítorí ẹ̀yin lẹ ṣe òfin tí ẹni náà ń bẹ̀rù. Ẹ jókòó síwájú rẹ̀, kí ẹ dá a lóhùn. Láti Sátidé ló ti ń retí yín, ẹnikẹ́ni ò sì tíì yọjú.