Ẹja Ìkórè Ọláwùnmí

Ọláwùnmí jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Barnersville ló ń gbé, ní ìlú kan lẹ́yìn odi Nàìjíríà. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń ta aṣọ ní Carey Street, kí orúnkún tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó fa ṣọ́ọ̀bù lé Bùkúnmi ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wá jókòó sílé. Ìjókòó yẹn ò bá a lára mu rárá.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, bí ìkórè bá kù díẹ̀, kálukú a máa dìde sọ ohun tó fẹ́ mú wá. Ọdọọdún ni Ọláwùnmí ń mú aṣọ wá. Lọ́tẹ̀ yìí ó dìde, ó la ẹnu, ó rántí pé aṣọ ti di ti Bùkúnmi. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ya òun gan-an lẹ́nu.

"Ẹja ni mo máa mú wá. Ọwọ́ ara mi ni màá fi pa á."

Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí! Kó tó délé, Alàgbà Olúkúnlé ti fi àwòrán agolo sàdíìnì sórí Wọ́sáàpù ìjọ. Ó kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀ pé, "Màmá wa, èyí ò ní eegun o." Ọláwùnmí wò ó, ó tún un wò. Ó pa fóònù.

Ó sọdá lọ bá Tìjání. Kúkù àwọn sójà Nàìjíríà ni Tìjání nígbà tí wọ́n wá pẹ̀tù sí ogun ibẹ̀. Àwọn yòókù padà sílé, òun fẹ́ ìyàwó, ó dúró. Àwọn Kru, ẹ̀yà apẹja etí òkun ibẹ̀, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀ pẹja. Mọ́sáláṣí ló ń lọ ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kọjú sí ti Ọláwùnmí.

"Bọ̀dá Tìjání, ẹ kọ́ mi ní ẹja pípa. Sátidé ni mo fẹ́ pa á. Sọ́ńdè ni ìkórè."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo àdúrà mọ́jú, ẹ pe ẹja kó jáde wá."

"Ẹ má bá mi ṣeré. Ojú ti fẹ́ tì mí. Ẹ sì gbọ́ o, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan okùn mi. Ọwọ́ ara mi ni mo sọ."

"Ọkọ̀ ńkọ́? Ìwọ lo máa wà á?"

"Ẹ̀yin ni. N ò jẹ́jẹ̀ẹ́ ọkọ̀."

Tìjání rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ní Sátidé, kẹ̀kẹ́ gbé wọn dé Waterside. Wọ́n wọ ọkọ̀ lábẹ́ afárá, níbi tí odò ti ń pàdé òkun. Omi òkun ń wọlé bọ̀. Ọláwùnmí di etí ọkọ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí gbé. Tìjání ti àjẹ̀ bọ omi, ó gbé etí lé orí igi rẹ̀.

"Wá gbọ́."

Ọláwùnmí gbé etí lé e. Ohun kan ń kùn nísàlẹ̀, bí ọ̀pọ̀lọ́ lálẹ́ òjò. Ara rẹ̀ bù máṣọ.

"Kí nìyẹn?"

"Kòrókà ni. Ẹja ni, kasáfà-fíṣì ni àwọn ará ibí ń pè é. Wọ́n wà lábẹ́ wa. Fi edé sí ìwọ̀."

Edé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ̀ gún un. Ọwọ́ Tìjání ń yún un, ṣùgbọ́n kò na án. Ẹnu ló fi ń kọ́ ọ.

"Jẹ́ kí òjé kan ilẹ̀. Ó ti kàn án? Fà á sókè díẹ̀. Má wé okùn mọ́wọ́, á gé ọ. Gbé e lé ìka. Bó bá ń ta ọ́ pín-ín pín-ín, ẹja wẹ́wẹ́ ni, fi wọ́n sílẹ̀. Bí àgbà bá gbé e, ìwọ alára á mọ̀."

Wọ́n dúró. Oòrùn mú. Ẹja wẹ́wẹ́ jẹ edé, Ọláwùnmí tún fi òmíràn sí i. Lẹ́ẹ̀kan náà, okùn lọ wọ̀ọ̀!

"Halelúyà!"

Ọwọ́ Ọláwùnmí méjèèjì ti wà lókè. Bí wọ́n ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, ara rẹ̀ ò mọ òmíràn. Okùn ré kọjá etí ọkọ̀, ó wọmi, ó lọ pẹ̀lú ìwọ̀, pẹ̀lú òjé, pẹ̀lú ẹja.

Tìjání wo omi. Ó wo obìnrin náà tó ṣì na ọwọ́ sókè.

"Ìyá Bùkúnmi, ṣé o ní kí ẹja náà máa lọ ni?"

Omi lé ròrò lójú Ọláwùnmí. Ó rí agolo sàdíìnì yẹn. Ó rí gbogbo ìjọ lọ́la, tí wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀ òfìfo.

"Okùn kan ló kù," Tìjání ní. "Fi ẹnu yin Ọlọ́run. Ọwọ́ lèmi ń bẹ̀ ọ́ fún."

Ó tún ju ìwọ̀. Omi ti ń dúró, kò wọlé mọ́. Tìjání ní bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà, ẹja á bá a lọ. Ọláwùnmí tẹjú mọ́ okùn. Ìka rẹ̀ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Pín-ín. Pín-ín. Ó fi wọ́n sílẹ̀.

Wọ̀ọ̀!

"Ha..." Ọwọ́ fẹ́ gbéra. Ó pa eyín pọ̀, ó di okùn mú.

"Má fà á! Jẹ́ kó lọ! Ó ti dúró, fà á báyìí! Fà á!" Tìjání ti dìde, ọkọ̀ ń mì, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ìdí okùn.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Tìjání padà jókòó. Ó fi ìdí tẹ ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Ẹja ń fà, Ọláwùnmí ń tú okùn sílẹ̀. Ẹja ń sinmi, Ọláwùnmí ń fà. Gèlè rẹ̀ bọ́ sómi, kò wò ó. Àwọn èèyàn ti dúró lórí afárá. "Ọ́ọ̀lù Má, di í mú!" ni wọ́n ń ké. Bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbẹ̀ nìyẹn.

Orí ẹja yọ, ó funfun. Ọláwùnmí fi àyà gbé e wọnú ọkọ̀, ó ṣubú lé e lórí. Ẹja kùn sí i lójú, "Hùn-ún!" Òun náà kùn padà. Ìgbà yẹn ló wá na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ké halelúyà tí àwọn tó wà lórí afárá fi gbè é. Tìjání náà yọ ọwọ́ lábẹ́ ìdí, ó ní alihamudulilahi.

Ẹja náà gùn tó apá Ọláwùnmí. Nígbà tí wọ́n délé, Ọláwùnmí ra sàdíìnì kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, ó ya fọ́tò, ó fi í sórí Wọ́sáàpù ìjọ. Ó kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀: "Alàgbà, èyí ní eegun."

Tìjání ń fi ojú wá ìkòkò. "Ká kúkú gé orí rẹ̀ sọ́bẹ̀. Wọn ò ní mọ̀."

"Orí kẹ̀? Ti Ọlọ́run ni, látorí dé ìrù."

Ó sin ín sínú yìnyín nínú kúlà, ó ti ìdérí rẹ̀ pa. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́. Kò sí ẹja nínú rẹ̀.