Ẹ̀mí Tó Sá ní Ibùdókọ̀

Itọ́ kì í pa èèyàn. Ohun tí gbogbo wọn ń sọ fún Kazoua nìyẹn: ọlọ́pàá tó wá gbọ́rọ̀ lẹ́nu wọn, tíṣà rẹ̀, títí kan ìyá tó bí i. Ṣebí itọ́ lásán ni? Itọ́ lásán kẹ̀! Kí ẹnì kan lọ tu ú sí ìyá tiwọn lójú ná, ká wá wò ó bóyá itọ́ lásán ni.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Kazoua, ìyá bàbá rẹ̀ ló sì fà á lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ní ibùdókọ̀, ní ìlú Saint Paul l'Amẹ́ríkà, nígbà tí àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọkùnrin kan dé, ó wò wọ́n tìkà-tẹ̀gbin. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kó àrùn wá! Ẹ máa lọ sí Ṣáínà yín!" Ó bá tutọ́ sí Ìyá Àgbà lójú. Ṣáínà wo? Àwọn òkè Láọ́sì ni wọ́n bí obìnrin yìí sí, ogun tí orílẹ̀-èdè ọkùnrin náà fà wọ́n sí ló lé wọn débí. Aláìmọ̀kan! Ká tiẹ̀ ní Ṣáínà ni wọ́n ti wá, ta ló fún un láṣẹ?

Ṣùgbọ́n èyí tó ká Kazoua lára jù ni ti Donna, obìnrin aláwọ̀ funfun tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Orí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀ yẹn gan-an ló jókòó sí. Ọdọọdún ni Ìyá Àgbà ń já àlùbọ́sà eléwé fún un láti oko. Donna rí wọn, ó sì ki orí bọ inú báàgì rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà ò jáde mọ́. Oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ewé ejìnrìn tó gbìn sínú ife lójú fèrèsé ń pọ́n lọ, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó yẹ kó lọ lọ́ ọ sóko ti ń sún mọ́lé. Nhia Tou, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó mọ bí àwọn Hmong, ẹ̀yà tiwọn láti Láọ́sì, ṣe ń pe ẹ̀mí, wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí.

"Ẹ̀rù ti lé ẹ̀mí ẹ̀ lọ. Mo ti pè é lẹ́nu ọ̀nà, kò dáhùn. Ibi tó ti sá la gbọ́dọ̀ lọ pè é. Bí a ò bá lọ, àìsàn yìí máa gbé e lọ ni."

"Ibùdókọ̀ yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ni ìyá Kazoua wí. "Kí wọ́n tún lè wá tutọ́ sí wa lára? Ẹ jẹ́ ká dákẹ́."

"Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́!"

"Kazoua! Ṣé èmi lò ń pa òwe fún?"

"Ẹ máà bínú, Màmá. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá pọ̀ yí Bàbá ká, ta ló máa tutọ́?"

Bí Kazoua ṣe mú òwú funfun tí wọ́n fi ń so ẹ̀mí mọ́ra nìyẹn, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sì ń kan ilẹ̀kùn kiri àdúgbò. "Ẹ wá bá wa dúró," ló ń wí, á sì fi òwú kan lé wọn lọ́wọ́. Ó kan ti àwọn Hmong, ó kan ti àwọn ará Sòmálíà. Ilé Donna ló fi ṣe ìgbẹ̀yìn. Ó fẹ́ kọjá lọ. Ó padà.

"Kazoua, mo ti ń rò ó pé kí n wá kí ìyá àgbà yín..."

"Ẹ ò wá."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù ba àwa náà! Apá ẹ̀wù mi ni mo fi nu itọ́ yẹn kúrò lójú wọn." Ó na òwú sí i. "Lọ́la, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ní ibùdókọ̀. Mo ṣì ń bínú sí yín o. Ẹ ṣáà wá."

Lọ́jọ́ kejì, èèyàn kún ibùdókọ̀, gbogbo wọn wọ ìbòmú, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn. Nhia Tou gbé abọ́ ìrẹsì àti ẹyin sílẹ̀, ó gbé ẹ̀wù Ìyá Àgbà kọ́ apá. "Máa bọ̀ nílé o! Má dúró sínú òtútù mọ́!" Ó da ìwo ẹfọ̀n méjì tó fi ń béèrè bóyá ẹ̀mí gbà láti bọ̀ sílẹ̀, ó wò ó. "Kò gbà. Ẹ̀rù ṣì ń bà á."

Donna bá jáde láàárín èrò, ó lọ dúró níwájú bẹ́ǹṣì. "Fi wọ́n sílẹ̀!" ló ń pariwo, bí ẹni pé ọkùnrin ọjọ́ náà ṣì dúró níbẹ̀. "Aládùúgbò mi ni wọ́n! Fi wọ́n sílẹ̀!"

"Ó ti pẹ́ jù," ni Kazoua kùn sínú ìbòmú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nhia Tou tún da ìwo, ẹ̀mí náà gbà.

Nílé, wọ́n tò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń so òwú mọ́ Ìyá Àgbà lọ́rùn ọwọ́ kí ẹ̀mí má baà lọ mọ́. Ó ti jẹ ẹyin kan. Nígbà tó kan Donna, Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sọ̀rọ̀ ní èdè Hmong. Kazoua tó dúró tì wọ́n ló ní láti túmọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo lẹ́nu rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ̀mí tiyín náà sá lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kẹ́ ẹ mú ọwọ́ wá."

Donna bú sẹ́kún. Kazoua ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó gé òwú míì, ó sì fi lé ìyá àgbà rẹ̀ lọ́wọ́.