Ohun Tí Àwọn Ọmọ Hú Lẹ́yìnkùlé Wa

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, tí òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi bá wọlé, ọkàn mi kì í dúró lójú kan mọ́. Á ti ré kọjá sí ẹ̀yìnkùlé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní àwọn ọdún tí ọṣẹ ìfọṣọ wọ́n bí ojú, tí èèyàn máa ń tò lórí ìlà kó tó rí súgà rà. Télọ̀ ni mí nígbà náà. Mo ti fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì ilé-ìwé mọ́dà. Àwọn olùkọ́ ní orí mi kò gba ẹ̀kọ́, èmi náà ò sì bá wọn jiyàn. Nínú yàrá kan níwájú ilé bàbá wa, èyí tó kọjú sí títì, ni mo ti ń ránṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ìyókù ilé. Òun ni ìwé wọ̀ lórí nínú wa. Tíṣà ìjọba ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì ṣí jẹ́lé-ó-sinmi sínú ilé fún àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹbí ló kìlọ̀ fún un. Wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe aṣọ téèyàn ń bọ́ sílẹ̀ kó tún padà wá wọ̀. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí jẹ́lé-ó-sinmi yẹn bá tú, kò sí ibi tó máa padà sí.

Kò pẹ́ tí gbogbo wa fi rí i pé ẹ̀gbọ́n mi kò ní kọ́ ọmọ bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń kọ́ ọ. Bí àwọn ọmọ bá ti kọrin òwúrọ̀ tán, ìta ló ń kó wọn lọ. Ó ní ọmọ tí kò tíì mọ iyanrìn, kí ló fẹ́ fi tábìlì ṣe? Lábẹ́ ìgbátí òrùlé, níbi tí òjò kì í dé, ó máa ń ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ wo ihò kúlúsọ, kòkòrò kékeré tó ń fi ẹ̀yìn rìn, tó ń gbẹ́ ihò bí àrọ fún èèrà láti já sí. Wọ́n á fọwọ́ kan ewé pàtànmọ́, wọ́n á sọ fún un pé bàbá ẹ̀ ń bọ̀, ewé náà á pa ara rẹ̀ dé, gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọn ò rí i lánàá. Kóró àgbálùmọ̀ ni wọ́n fi ń ka oókan, eéjì. Lẹ́yìn òjò, wọ́n á tẹ̀lé ìgbín títí ìgbín fi máa dé ibi tó ń lọ, èyí tó lè gba gbogbo àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò sì ní kán ẹnikẹ́ni lójú.

Àwọn òbí ni kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ funfun rán jáde láàárọ̀ á fi amọ̀ pupa wọlé lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ ò sì sí. Bàbá kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ọkùnrin tó ń lọ gèlètè, tí ìlà ṣòkòtò rẹ̀ lè gé iṣu. Ó wá bá ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ kan.

“Màdáámù, òyìnbó la ní kẹ́ ẹ kọ́ ọmọ yìí. Ó délé lánàá, ó ń júwe ọ̀nà tí èèrà ń gbà wọlé fún mi.”

“Ṣé ọ̀nà náà ló júwe, sà?”

“Ọ̀nà náà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá. Èmi ni mò ń sanwó ilé, èmi ò mọ̀ pé èèrà wà níbẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa fún un di òpin táàmù yẹn.

Èmi wá ńkọ́? Èmi ni olùrànlọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ìwọ lọkùnrin inú ilé yìí. Bí mo bá kó wọn jáde, dìde nídìí máṣíìnì, kóo wá dúró tì wọ́n.” Kò mọ̀, tàbí ó mọ̀ àmọ́ ó ń díbọ́n ni, pé kò sí ohun abẹ̀mí tó kéré ju ajá lọ tí ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà mí. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ejò ò bù mí jẹ rí láyé mi. Mo kàn ń sá ni. Ọ̀gà tó ń rọra gbé ẹsẹ̀ lórí ẹ̀ka igi, mo sá fún un. Ọ̀kùn, ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tí kò lè bá ẹnikẹ́ni sáré ìje, mo sá fún òun náà. Ọmọbìnrin kékeré kan wà, ọmọ Àlàájà tó ń ta aṣọ, tó máa ń gbé ọ̀kùn sí àtẹ́lẹwọ́ wá bá mi.

“Bọ̀dá Télọ̀, ẹ wò ó, kò ní jẹ yín. Ó ń sùn ni.”

“Mo rí i. Dúró síbẹ̀ yẹn.”

“Ẹ fọwọ́ kàn án.”

“Ọwọ́ mi kún fún iṣẹ́.”

Ọmọ náà á wo ọwọ́ mi méjèèjì tó ṣófo, á sì fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú àánú.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ lọ́dún yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ọmọ máa dá oko. Ó fi okùn wọn ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìnkùlé, ó ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sí i. Àfọ́kù igbá àti ṣíbí àtijọ́ ni ọkọ́ wọn. Mo dúró sí ibi tó jìnnà díẹ̀, téèpù ìwọnṣọ mi lọ́rùn, mò ń ṣe bí ọ̀gá. Àfi bí ọmọ òṣìṣẹ́ báńkì ṣe ní nǹkan ń dún lábẹ́ ṣíbí òun. Mo rò pé òkúta ni. Mo súnmọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò amọ̀ ni, wọ́n fi àwo fífọ́ dé e lẹ́nu, ìtàkùn ti ta gbòǹgbò yí i ká.

N kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn dáadáa, nítorí pé n kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní mo gba inú ilé kọjá, mo gba inú ṣọ́ọ̀bù kọjá, mo dé títì, bàtà kan lẹ́sẹ̀, téèpù ń fò lẹ́yìn mi bí ìrù. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń lẹ táyà lódìkejì títì ni mo ti rí ara mi, mò ń sọ fún un pé wọ́n ti ri nǹkan mọ́ ilẹ̀ fún wa, wọ́n ti dì wá mọ́ ìkòkò. Ọkùnrin yẹn sì rèé, ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ fún un ti sọ ọ́ fún gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ọmọ tí mo fi sílẹ̀ kò sá o. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n jókòó yí ìkòkò náà ká, wọ́n ń jiyàn bóyá ilé ìgbín ni àbí ilé ìjàpá.

Lọ́jọ́ kejì, ilé dákẹ́. Àwọn ọmọ tó wá kò kún ẹní kan. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò ní ibà ní ọjọ́ yẹn lọ sí ìrìn-àjò. Òṣìṣẹ́ báńkì wá kó sléètì àti bàtà ìta ọmọ tirẹ̀. Ará àdúgbò kan ní ká pe wòlíì, òmíràn ní ká da kẹrosíìnì sí i. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án, èmi ni mo sì dúró jìnnà jù nínú wọn. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbálẹ̀ yàrá tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ó gbá a tán, ó tún gbá a. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ránṣẹ́ sí ìyá wa ní Ìbefun, nítorí pé ilé yẹn ni wọ́n gbé e níyàwó wá, kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀ rẹ̀ tó o.

Ìyá wa dé lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, pẹ̀lú gàrí nínú agbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n wá gbọ́ fúnra wọn, púpọ̀ nínú wọn sì wá, nítorí ẹ̀sùn kọ́ ló mú wọn wá mọ́, ìran ni. Àlàájà mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ báńkì gba àyè wá láti ibi iṣẹ́, ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Ìyá wa kò mu omi. Ó dúró létí ilẹ̀ tí wọ́n tú, ó wo ìkòkò náà láti òkèèrè.

“Ta ló rí i tó sá?”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

“Ìwọ ni?”

“Èmi ni, Màámi.”

“Ó yẹ kóo sá. Ìwọ lo wà níbẹ̀.”

Ìyá wa sọ pé ibi ọmọ mi, èyí tí àwọn ń pè ní èkejì ọmọ, ni wọ́n rì síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé náà. Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kó gbé ìdérí yẹn wò, òdòdó búlúù máa wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé òun ni àwo tí bàbá wa fi ayọ̀ fọ́ nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ọkùnrin ni. Ọmọ Àlàájà ti gbé e kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró. Òdòdó búlúù ni.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín, mo gbà pé wọ́n gbọ́ ọ ní Ìjagun, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ẹni tó ń lẹ táyà ní òun ò rí i rí, kí èèyàn máa sá fún ara rẹ̀. Àlàájà ní, “Ṣùgbọ́n Màámi, àwọn tó kù ńkọ́?” Ìyá wa nawọ́ sí igi àgbọn ńlá tí àwọn ọmọ máa ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Wọ́n gbin àgbọn lé tèmi náà lórí, ó ní, ṣùgbọ́n bó ṣe yọ ewé ni ewúrẹ́ bàbá wa jẹ ẹ́. Wọ́n tún gbìn ín, ewúrẹ́ tún jẹ ẹ́. Bàbá wa ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

“Abájọ,” ni ẹni tó ń lẹ táyà wí. “Ewúrẹ́ ti jẹ àyà ẹ̀ láti kékeré.”

Òṣìṣẹ́ báńkì ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo igi àgbọn náà. Ó ní, “Màámi, ọsibítù la bí ọmọ mi sí. Mi ò mọ ibi tí wọ́n gbé tiẹ̀ sí. Mi ò tiẹ̀ bèèrè.” Mo rí i tí àwọn ìyá bíi mélòó kan ń wo ara wọn. Ọsibítù ni wọ́n bí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sí.

Ìyá wa jókòó sórí òkúta kan. “Èyí tó lọ ti lọ,” ló wí. “Ilẹ̀ ló kù. Ẹ fún ọmọ ní ibi tó máa mọ̀ pé tòun ni.”

Báyìí ni oko àgbàdo ṣe yí padà. Wọ́n bo ìkòkò mi mọ́lẹ̀ padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì pín ẹ̀yìnkùlé. Òṣìṣẹ́ báńkì ká ṣòkòtò onílà yẹn dé orúnkún, ó bá ọmọ rẹ̀ gbẹ́ ihò. Àlàájà fi kóró ọsàn sí ilẹ̀, ó ní “Bísímílàhì,” ọmọ rẹ̀ sì fi amọ̀ bò ó. Ẹnìkan gbin máńgòrò, ẹnìkan gbin àgbálùmọ̀, ọmọ kan gbin bọ́tìnnì, a ò sì dí i lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, kálukú fẹ́ lọ wò bóyá tirẹ̀ ti hù.

Wọ́n bi èmi náà léèrè ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbìn fún mi. Mo ní ohun tí ewúrẹ́ kì í jẹ.

Ìyá wa mi orí. “Kò sí ohun tí ewúrẹ́ kì í jẹ. Ọgbà là ń ṣe.”

Mo gé ọparun, mo sì ṣe ọgbà yí gbogbo ẹ̀yìnkùlé ká, ti àwọn ọmọ àti tèmi. Ibi tí mo ti ń ṣe é, ọ̀kùn gun orí ẹsẹ̀ mi. N kò ní purọ́ pé ẹ̀rù kò bà mí. Mo dúró, mo pa ojú dé, mo sì ń gbọ́ ohùn ọmọ Àlàájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń sọ fún mi bó ṣe ń rìn dé, “Ó ti dé ọmọ-ìka o, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti lọ.”

Ẹ̀gbọ́n mi ti di olóògbé báyìí. Ilé-ìwé rẹ̀ pẹ́ ju bí ẹbí ṣe rò lọ. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ yẹn mú ọmọ tiwọn wá síbẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn igi míì ṣì wà, àwọn míì ti lọ nígbà tí ilé ń fẹ̀. Bí mo bá ń rántí, ọ̀rọ̀ ìkòkò kọ́ ló máa ń pẹ́ jù lọ́kàn mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo sá ni. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ̀gbọ́n mi sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹnu ọ̀nà hàn mí. Mo jókòó nídìí máṣíìnì, mò ń ṣe bí ẹni tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó wọlé, ó gbé bàtà mi kejì síwájú mi, ó ní, “Wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ń bèèrè pé ṣé o máa wá lọ́la.” Mo ní màá wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kọ́ mi ní nǹkan láyé, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló mọ bí mo ṣe ń bẹ̀rù tó, tó sì tún fi ọmọ lé mi lọ́wọ́.