Àyà Ta Ló Já Nítorí Mi?

Òórùn iná ìgbẹ́ yàtọ̀ sí òórùn iná ìdáná. Ẹni tó bá ti gbé apá Akínyẹlé rí nígbà ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Koríko gbígbẹ ló ń rùn, àti ewé kaṣú tó ń jóná tòun ti òróró ara rẹ̀. A máa ta sí èèyàn lọ́nà ọ̀fun, a sì máa wọ inú aṣọ tó wà nínú àpótí pàápàá. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ẹ̀rù. Owú ni. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti gbà gbọ́, nítorí náà jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ọdún tí mo parí àgùnbánirọ̀ ni. Mo ti padà sọ́dọ̀ màmá mi ní Mọ́níyà, mò ń wáṣẹ́, àìríṣẹ́ sì ti sọ mí di ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Bí fóònù bá dún, àyà mi á já. Bí kò bá dún, àyà mi á tún já. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá mi pè mí láti ibi iṣẹ́ pé àwọn gbọ́ pé iná ń jó igbó lọ ní apá Ìrókò, níbi tí ìyá wọn, ìyá àgbà wa, ń gbé, àti pé àwọn ń pe fóònù ìyá àgbà, kò wọlé. "Tètè lọ wò wọ́n o," ni wọ́n wí. "Kó o sì bá mi wò ó bóyá bọ̀ọ̀dá rẹ ti ti Ṣáṣá dé." Wọ́n pa fóònù. Mo dúró díẹ̀ kí n tó wọ bàtà, mò ń retí pé wọ́n á tún pè láti sọ pé kí n rọra. Wọn ò pè.

Bọ̀ọ̀dá tí wọ́n ń wí yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin. Ìyá àgbà ló tọ́ ọ dàgbà, òun ló sì ń fi ọ̀kadà gbé gàrí wọn lọ sí ọjà Ṣáṣá. Ìgbà ọyẹ́ ni bàbá rẹ̀ kú. Ọkọ̀ méjì ló forí sọra nínú èéfín iná ìgbẹ́, lójú ọ̀nà kan náà yìí, nígbà tí bọ̀ọ̀dá ṣì ń rákòrò. Láti ìgbà náà, bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ọmọkùnrin yìí sì jáde nílé, ìyá àgbà kì í fi oúnjẹ kan ẹnu títí yóò fi dé. Mo mọ gbogbo èyí. N kò ní kí wọ́n má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kí èèyàn mọ ìdí nǹkan kò ní kí nǹkan náà má dùn ún.

Takisí tí mo wọ̀ kún fọ́fọ́. Nígbà tí a sún mọ́ Ìrókò, èéfín bo títì tó bẹ́ẹ̀ tí dírẹ́bà fi tan iná ọkọ̀ lójú ọ̀sán.

"Ẹ gbé gíláàsì sókè o, ẹ̀yin èrò mi," ló ní, "kí n má lọ gbé ẹran yíyan dé Ìrókò."

"Ẹran ta?" ni obìnrin tó jókòó tì mí dá a lóhùn. "Ìwọ tó o sanra ju gbogbo wa lọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé tà!"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mò ń wo eérú dúdú tó ń bọ́ sára gíláàsì bí ìyẹ́ ẹyẹ, mo sì ń wo àwọn àwòdì tó ń yí po lókè iná, tí wọ́n ń já tata tó ń sá fún iná. Mò ń rí ìyá àgbà lójú ọkàn mi, tí wọ́n ń táràrà wá ọ̀pá wọn nínú yàrá. Mo gbàdúrà. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí wọ́n máa sọ bí mo bá bá wọn láyọ̀: wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n á ní, "Nínú èéfín yìí náà lo ti wá mi wá?" Mo ti gbọ́ ọ ní àgbọ́tán kí ọkọ̀ wa tó dúró.

Ilé kò jóná. Iná ò tilẹ̀ wọ ìlú. Ìyá àgbà ni mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n kọjú sí ibi tí èéfín ti ń bọ̀, wọ́n ń kì bọ̀ọ̀dá sínú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ń pe ẹni tó wà lódìkejì odò. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé etí lè má gbọ́, ṣùgbọ́n orí ẹni tí à ń kì á gbọ́, á sì darí ẹni tó ni ín wálé.

"Àkànní o! Àkànní, ọmọ baba rẹ̀! Ilé ni kó o kọjú sí o!"

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n wò mí bí ẹni pé inú yàrá ni mo ti jáde.

"O ti dé," ni wọ́n wí. "O ò pàdé bọ̀ọ̀dá rẹ lọ́nà?"

Mo ní n kò pàdé ẹ̀. Ojú wọn ti kúrò lára mi.

N kò mọ bí màá ṣe ṣàpèjúwe ohun tó ṣe mí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí aburú kan bá bọ̀ọ̀dá. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohùn yẹn ni mò ń jowú, ohùn tó há, tó ń gbọ̀n, tó ń wá ẹnì kan kiri nínú èéfín. Odindi ọdún kan ni mo fi ṣe àgùnbánirọ̀ ní Òkè Ọya, ẹnikẹ́ni ò dúró létí títì kì mí sínú afẹ́fẹ́. Mò ń rò ó pé bóyá ó yẹ kí èmi náà sọnù díẹ̀ kí wọ́n lè wá mi. Ó ń tì mí lójú bí mo ṣe ń rò ó, síbẹ̀ mò ń rò ó lọ.

Obìnrin kan láti ilé kejì gbé omi wá fún mi. "Ẹ jẹ́ kọ́mọ mumi ná, ìyá," ló ní.

"Tó bá ti mu ún," ìyá àgbà dáhùn, "kó bá mi rìn dé ìdí kaṣú wa, kó wò ó bóyá Àkànní ń bọ̀."

"Hàáà! Sínú èéfín yẹn? Ọmọ obìnrin?"

"Èyí?" Ìyá àgbà ju ọwọ́ nù. "Nǹkan kan ò ní ṣe èyí. Orí èyí kì í gbé e sọnù. Ibi tẹ́ ẹ bá rán an, á lọ, á sì bọ̀."

Ìyìn ni. Mo mọ̀ pé ìyìn ni. Ó sì dùn mí ju èébú lọ.

Mo fi ìborí bo imú, mo lọ. Ẹ̀bá títì ni oko kaṣú ìyá àgbà wà, èéfín ni kò jẹ́ kí n rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wa kọjá; ibẹ̀ náà ni mo ti bá bọ̀ọ̀dá. Bí ọyẹ́ bá ti ń wọlé ni wọ́n ti máa ń ro ilẹ̀ yí oko kaṣú ká, títí ilẹ̀ náà á fi mọ́ bí orí tí wọ́n fá, kí iná má baà rí nǹkan tẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti gbọn ewé gbígbẹ sórí ilẹ̀ ríro náà, iná sì fẹ́ ti orí ewé wọlé. Bọ̀ọ̀dá àti àwọn àgbẹ̀ kan ń gbá ewé kúrò, wọ́n ń fi imọ̀ ọ̀pẹ tútù lu iná pa. Mo mú imọ̀ kan nílẹ̀, mo bá wọn lù ú. Ìgbà tí iná rọlẹ̀ la tó lè sọ̀rọ̀.

"Ta ló ní kó o wá síbí?" bọ̀ọ̀dá bi mí.

"Ìyá àgbà ni. Wọ́n ń kì ẹ́ létí títì. Gbogbo Ìrókò ló ti mọ̀ pé o ò tíì dé."

"Wọ́n sì rán ìwọ wá sínú èyí?"

"Wọ́n ní orí mi kì í gbé mi sọnù."

Mo rò pé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi mí ṣe é. Ó jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"O ò mọ̀ pé o ń gbádùn," ló ní. "Bí mo bá lọ ra ìṣáná lásán, wọ́n á ti máa wo títì. Ojú ikú ni wọ́n fi ń wò mí, àbúrò mi. Ìwọ, wọ́n á ní 'o ti dé,' wọ́n á sì gbàgbé ẹ. Mo máa ń jowú ẹ gan-an."

"Ìwọ? O ń jowú mi?"

"Ṣebí ìwọ náà ń jowú mi. Ojú ẹ ti ń sọ ọ́ láti kékeré." Ó rẹ́rìn-ín, ó tan ọ̀kadà. "Ó yá, gùn ún, kí wọ́n má lọ kì mí títí ohùn wọn á fi há pátápátá."

Ó wù mí kí n sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn wo owú mi sàn. Kò wò ó sàn. Nígbà tí a délé, ìyá àgbà di bọ̀ọ̀dá mú, wọ́n gbóòórùn orí rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ tẹ apá rẹ̀ wò bí ẹni ń ra adìẹ lọ́jà. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, eérú iná kan náà wà lórí tèmi. "Bá a bu omi ìwẹ̀," ni wọ́n wí fún mi. Mo bu ú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bu ú, mo yọjú wo ojú bọ̀ọ̀dá, mo rí bó ṣe dúró gbagidi lábẹ́ ọwọ́ wọn, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù rù, tí kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Fóònù mi dún. Màmá mi ni.

"Ìyá àgbà ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa."

"Bọ̀ọ̀dá rẹ ńkọ́?"

"Ó ti dé."

"Àlùhámúdùlílàhí." Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti fẹ́ pa fóònù.

"Màmá," mo ní, "èmi náà wà dáadáa."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" wọ́n bi mí, ohùn wọn sì ti yí padà. "Ṣé nǹkan ṣe ọ́ ni? Má parọ́ fún mi o!"

Ohùn tí mo ti ń wá nìyẹn, àní ohùn yẹn gan-an. Ó dùn mọ́ mi nínú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Èmi ni mo tún ń bẹ̀ wọ́n pé kò sí nǹkan kan, pé mo kàn ní kí wọ́n gbọ́ ni.

Owú náà ò tíì tán, n kò ní tàn ọ́ jẹ. Mo ṣáà ti mọ̀ báyìí pé ẹni tí wọ́n ń gbọ̀n nítorí rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n fọkàn tán, ilé kan náà ló bí wọn, kò sì sí èyí tí ìpín tirẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ọyẹ́ bá dé, tí mo bá rìnrìn àjò, n kì í dúró de ẹni tó máa bèèrè mọ́. Mo máa ń pè sílé fúnra mi, mo máa ń ní, "Mo ti dé o." Nígbà mìíràn, "Ó dáa" lásán ni wọ́n á wí. Mo ti kọ́ láti gbà á bẹ́ẹ̀, kí n sì lọ wẹ eérú ara mi.